Bí ẹ ṣe máa gba GED ní Amẹ́ríkà tẹ́ ẹ bá ti dàgbà tẹ́ ẹ sì ń ṣiṣẹ́

Ọmọ ọdún 41 ni mí lọ́jọ́ tí mo kọ́kọ́ jókòó síwájú kọ̀ǹpútà ṣe ìdánwò GED, èyí tí ẹni tí kò parí háísúkùù ń ṣe kó lè gba sátífíkéètì tó dọ́gba pẹ̀lú dípúlómà háísúkùù, àkọ́bí mi fúnra ẹ̀ ti wà ní háísúkùù nígbà yẹn, alẹ́ ọjọ́ yẹn náà ni mo tún máa wọ ṣíìfù alẹ́ níbi tí mo ti ń tọ́jú àwọn arúgbó. Mo ní kí n kọ èyí torí àwọn èèyàn wa tó ń bi mí léèrè ti pọ̀, ohùn jẹ́jẹ́ sì ni wọ́n fi máa ń bi mí, bíi pé ẹ̀ṣẹ̀ ni kéèyàn má parí háísúkùù. Kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀ o. Ẹlòmíì, bàbá ló kú, ẹlòmíì lóyún, ẹlòmíì, ìrìn àjò ló gba ìwé lọ́wọ́ ẹ̀ bíi tèmi. Torí irú wa gan-an ni wọ́n ṣe dá ìdánwò yìí sílẹ̀ ní 1942, àwọn ọmọ ogun tó fi iléèwé sílẹ̀ lọ jagun ni wọ́n kọ́kọ́ ṣe é fún. Dave Thomas tó dá Wendy's sílẹ̀, pẹ̀lú gbogbo owó tó ní, ó ti pé ẹni 60 ọdún kó tó lọ gba tiẹ̀ ní 1993. Torí náà ẹ gbé orí yín sókè.

Ṣùgbọ́n kẹ́ ẹ tó fi owó kankan sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ wò ó bóyá ẹ tiẹ̀ nílò ẹ̀. Ẹni tó bá ti ní WAEC tàbí NECO tó dáa lọ́wọ́, ó ṣeé ṣe kó má nílò GED rárá, ohun tó máa ṣe ni evaluation, ìyẹn ni pé ilé iṣẹ́ kan tó wà nínú ẹgbẹ́ tí wọ́n ń pè ní NACES máa yẹ ìwé ẹ̀ wò, wọ́n á sì kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá ó bá dípúlómà háísúkùù Amẹ́ríkà dọ́gba. Ẹ pe iléèwé tàbí ibi iṣẹ́ tẹ́ ẹ ń lọ, ẹ ní kí wọ́n sọ èyí tí wọ́n ń gbà, kí wọ́n sì fi í ránṣẹ́ sí yín ní email kó lè wà lọ́wọ́ yín. Ẹni tí kò ní dípúlómà háísúkùù tí kò sì sí níléèwé lọ́wọ́lọ́wọ́ ni GED wà fún.

Ohun kejì tó yẹ kẹ́ ẹ mọ̀ ni pé ìpínlẹ̀ ló ń fúnni ní sátífíkéètì yìí, kì í ṣe ìjọba àpapọ̀. Ìpínlẹ̀ tẹ́ ẹ ń gbé ló máa sọ iye tẹ́ ẹ máa san, ọjọ́ orí tí wọ́n ń gbà, àti ìdánwò tí wọ́n ń lò. Èyí tó gbajúmọ̀ jù ni GED. Òmíràn tún wà tí wọ́n ń pè ní HiSET, àwọn ìpínlẹ̀ kan ń lò ó, California ń lo méjèèjì. Èyí tí wọ́n ń pè ní TASC ti kógbá sílé ní ìparí 2021, torí náà bí ẹ bá rí ìwé TASC níbi tí wọ́n ti ń ta ìwé tókùnbọ̀ ẹ má rà á. HiSET ní apá márùn-ún, máàkì 20 ni apá kọ̀ọ̀kan, èèyàn gbọ́dọ̀ gba ó kéré tán 8 nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí gbogbo ẹ̀ sì pé 45, kí àròkọ ẹ̀ sì gba ó kéré tán 2 nínú 6. GED ní apá mẹ́rin, 100 sí 200 ni wọ́n fi ń díwọ̀n ẹ̀, 145 lẹ gbọ́dọ̀ gbà nínú ọ̀kọ̀ọ̀kan, wọn ò sì ní fi èyí tẹ́ ẹ ti gba máàkì gọbọi dí èyí tẹ́ ẹ ti kùnà. GED ni mo ṣe, òun náà ni mo máa sọ látìbí lọ.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ṣọ́ra fún àwọn tó ń ta dípúlómà lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ̀gbọ́n kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ san ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là fún irú ẹ̀, wọ́n bi í ní ìbéèrè díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà wọ́n fi ìwé dídán kan tó ní òǹtẹ̀ wúrà ránṣẹ́ sí i nílé. Ó gbé e dé community college, wọ́n ní àwọn ò mọ ilé ìwé yẹn rí. Omi bọ́ lójú ẹ̀ lọ́jọ́ yẹn níwájú mi, mi ò sì lè gbàgbé ẹ̀. GED tòótọ́ ṣeé ṣe nílé báyìí, òótọ́ ni, àmọ́ ẹnì kan máa ń ṣọ́ yín látorí kámẹ́rà látìbẹ̀rẹ̀ dópin, orí GED.com nìkan lẹ sì ti máa forúkọ sílẹ̀ fún un. Ẹnikẹ́ni tó bá ní ẹ san owó kan ṣoṣo, ẹ ò ní ṣe ìdánwò, ìwé á dé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, olè ni.

Ṣíṣí àkáǹtì ní GED.com ò gba owó. Ibi tó yẹ kẹ́ ẹ ti fara balẹ̀ ni orúkọ. Orúkọ àwa Yorùbá gùn, ẹlòmíì ní mẹ́rin, ẹlòmíì ń lo orúkọ bàbá níbì kan kó máa lo ti ọkọ níbòmíì. Bó ṣe wà lórí ID kádì yín gan-an ni kẹ́ ẹ kọ ọ́, ID tí ìjọba fún yín tí kò tíì kú ni o, bíi páásípọ́ọ̀tù tàbí láísẹ́ǹsì ọkọ̀. Obìnrin kan ní kíláàsì wa múra sílẹ̀ fún oṣù mẹ́rin, ọjọ́ ìdánwò pé, wọ́n dá a padà lẹ́nu ọ̀nà torí orúkọ ọkọ ló wà lórí láísẹ́ǹsì ẹ̀, ti bàbá ẹ̀ ló sì wà lórí àkáǹtì.

Owó ìdánwò yàtọ̀ láti ìpínlẹ̀ sí ìpínlẹ̀, lọ́pọ̀ ibi ó máa ń tó nǹkan bí 30 dọ́là tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ fún apá kan, ní New York ní tiwọn ìpínlẹ̀ ló ń san án fún àwọn tó ń gbé ibẹ̀ tí wọ́n bá ṣe é ní ibi ìdánwò. Ẹ ò ní láti san ti mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lẹ́ẹ̀kan náà, ẹ ò sì ní láti ṣe mẹ́rẹ̀ẹ̀rin lọ́jọ́ kan. Èyí ni ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn ò mọ̀ tó fi ń bà wọ́n lẹ́rù. Ẹ ṣe ọ̀kan, ẹ sinmi, ẹ tún ṣe òmíràn lóṣù tó ń bọ̀, ọwọ́ yín ló wà. Àmọ́ ẹni tó bá ti ṣe díẹ̀ níbẹ̀ kí 2014 tó dé, tí kò sì parí ẹ̀, á bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀, torí ọdún yẹn ni wọ́n yí i padà sí ti orí kọ̀ǹpútà.

Ẹ má sanwó kíláàsì kẹ́ ẹ tó wá ti ọ̀fẹ́. Ìjọba àpapọ̀ ń fi owó ran ẹ̀kọ́ àgbà lọ́wọ́ lábẹ́ òfin kan tí wọ́n ń pè ní WIOA, torí ẹ̀ ni community college, iléèwé ìjọba àti láíbúrérì fi ń ní kíláàsì GED ọ̀fẹ́, àárọ̀ wà, alẹ́ náà wà. Ẹ pe láíbúrérì tó wà ládùúgbò yín, ẹ sọ pé adult education lẹ ń wá, wọ́n á júwe. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́ wọ́n máa ń fún yín ní ìdánwò kékeré kan, TABE tàbí CASAS, kí wọ́n fi mọ ibi tẹ́ ẹ bá ìwé dé. Ẹ má bínú bí wọ́n bá ní ìṣirò yín wà níbi tí ọmọ kíláàsì karùn-ún wà, èmi náà bínú, mo fẹ́ẹ̀ má padà wá. Kò sẹ́ni tó ń wọ̀n yín wò níbẹ̀, wọ́n fẹ́ mọ ibi tí wọ́n ti máa bẹ̀rẹ̀ ni.

Ó wá kan èyí tẹ́ ẹ máa kọ́kọ́ ṣe. Èrò tèmi ni pé ẹ fi Social Studies bẹ̀rẹ̀. Òun ló kúrú jù, 70 ìṣẹ́jú péré, bí ẹ bá yege níbẹ̀ ọkàn yín á balẹ̀ fún ìyókù. Ìdajì ẹ̀ dá lórí bí ìjọba Amẹ́ríkà ṣe ń ṣiṣẹ́, àwọn ẹ̀ka ìjọba mẹ́ta, kí ni Congress ń ṣe, kí ni ilé ẹjọ́ lè ṣe tí ààrẹ ò lè ṣe, irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá ti kàwé fún ìdánwò ìwé ọmọ ìlú ti mọ díẹ̀ níbẹ̀. Ìyókù jẹ́ ìtàn Amẹ́ríkà, ọrọ̀ ajé, àti díẹ̀ nípa àwọn ilẹ̀ ayé. Science tẹ̀ lé e, 90 ìṣẹ́jú, ara èèyàn àti ohun abẹ̀mí pọ̀ níbẹ̀, ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì tàbí ìtọ́jú aláìsàn á rí i pé ẹ mọ̀ ju bẹ́ ẹ ṣe rò lọ. Nínú méjèèjì wọn ò ní ní kẹ́ ẹ kọ déètì sórí bí ẹyẹ ayékòótọ́. Wọ́n á gbé àyọkà kan tàbí àwòrán kan síwájú yín, ìdáhùn máa ń wà nínú ẹ̀, ẹni tó bá farabalẹ̀ kà á ló máa rí i. Èyí ni kọ́kọ́rọ́ gbogbo ìdánwò yìí, mo sì fẹ́ kẹ́ ẹ gbà mí gbọ́: ìwé kíkà ni wọ́n ń dán wò. Ojoojúmọ́ kẹ́ ẹ máa ka nǹkan kan ní Gẹ̀ẹ́sì, ìròyìn ni o, ìwé tí wọ́n há fún yín níbi iṣẹ́ ni o, tẹ́ ẹ bá parí ìpínrọ̀ kan ẹ pa ojú dé kẹ́ ẹ sọ ohun tó sọ lẹ́nu ara yín, kódà ní Yorùbá. Èyí ràn mí lọ́wọ́ ju ìwé olówó ńlá tí mo rà lọ.

Èyí tí wọ́n ń pè ní Reasoning Through Language Arts ló gùn jù, 150 ìṣẹ́jú, ìsinmi 10 ìṣẹ́jú wà láàárín ẹ̀, àròkọ kan sì wà níbẹ̀ tí wọ́n fún ní 45 ìṣẹ́jú. Àròkọ yìí ló ń gbé ọ̀pọ̀ èèyàn wa ṣubú, kì í sì í ṣe pé wọn ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ jẹ́ n ṣàlàyé ẹ̀ dáadáa. Wọ́n á fún yín ní àyọkà méjì tí wọ́n ń takora. Ká sọ pé ọ̀kan ní kí iléèwé máa bẹ̀rẹ̀ ní aago mẹ́sàn-án àárọ̀ kí àwọn ọmọ lè sùn dáadáa, èkejì ní kí wọ́n fi sílẹ̀ ní aago méje torí àwọn òbí tó ń lọ síbi iṣẹ́. Àwa Yorùbá, wọ́n ti kọ́ wa láti kékeré pé àròkọ ni kéèyàn sọ èrò ọkàn ẹ̀, kó fi òwe sí i, kó fi ìtàn ara ẹ̀ ṣe àpẹẹrẹ. Mo ṣe bẹ́ẹ̀ nínú èyí tí mo fi dánra wò, mo sọ nípa àwọn ọmọ mi àti bọ́ọ̀sì, mo rò pé ó dùn. Tíṣà mi kà á, ó fi bírò pupa fa ìlà sí ìpínrọ̀ méjì tó dára jù nínú ẹ̀, ó ní ìwọ̀nyí ò ní máàkì kankan. Wọn ò bi yín léèrè aago tó yẹ kí iléèwé bẹ̀rẹ̀. Ohun tí wọ́n ń bi yín ni pé nínú àwọn méjèèjì tó kọ̀wé yìí, ta ni ẹ̀rí ẹ̀ múná dóko jù? Ẹ mú ẹnì kan, ẹ sọ pé òun ni, kẹ́ ẹ wá máa tọ́ka sí ohun tó wà nínú àyọkà ẹ̀: ó mú ìwádìí wá, ó sọ iye, ó dáhùn ohun tí ẹnì kejì lè sọ. Lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ sọ ibi tí ti ẹnì kejì ti kù díẹ̀ káàtó, bóyá ó kàn sọ̀rọ̀ lásán tí kò fi ẹ̀rí gbè é lẹ́sẹ̀. Kódà bí ẹ ò bá fara mọ́ ẹni tí ẹ̀rí ẹ̀ lágbára yẹn, òun náà ni kẹ́ ẹ mú. Bí mo ṣe ń pín àsìkò mi rèé, 10 ìṣẹ́jú fún kíkà, 5 láti kọ kókó mẹ́ta sílẹ̀, 25 láti kọ ọ́, 5 láti wo àṣìṣe. Ẹ sì kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ kọ̀ǹpútà o! Ẹni tó ń fi ìka kan wá lẹ́tà kiri kò ní lè parí ẹ̀ láàárín 45 ìṣẹ́jú, òótọ́ ọ̀rọ̀ ni mò ń sọ.

Ìṣirò ńkọ́? 115 ìṣẹ́jú ni, apá méjì ló ní, nínú apá àkọ́kọ́ ìbéèrè márùn-ún ni wọn ò ní jẹ́ kẹ́ ẹ lo kalikulétọ̀, lẹ́yìn ìyẹn kalikulétọ̀ TI-30XS máa yọ lójú kọ̀ǹpútà, ìwé fọ́múlà náà máa wà níbẹ̀ torí náà ẹ má dààmú ara yín láti há gbogbo fọ́múlà sórí. Láti ọjọ́ àkọ́kọ́ tẹ́ ẹ bá ti pinnu ni kẹ́ ẹ ti bẹ̀rẹ̀ ìṣirò, 20 ìṣẹ́jú lójúmọ́, àmọ́ òun ni kẹ́ ẹ ṣe gbẹ̀yìn. Mo máa ń kọ ọ̀kan sí káàdì kékeré mo sì máa ń fi sínú àpò aṣọ iṣẹ́, nígbà tí mo bá gba ìsinmi ní aago mẹ́ta òru màá yọ ọ́. Káàdì kan tí mi ò lè gbàgbé ni èyí: to 2/3, 0.6 àti 5/8 láti kékeré lọ sí ńlá. Mo wò ó títí. Ẹ sọ gbogbo wọn di irú kan náà ni, 2 pín sí 3 jẹ́ 0.667, 5 pín sí 8 jẹ́ 0.625, torí náà 0.6 ló kéré jù, 5/8 tẹ̀ lé e, 2/3 ló tóbi jù. Ó tán.

Algebra ló pọ̀ jù nínú ẹ̀, ó lé ní ìdajì, ẹ̀rù ẹ̀ sì ń ba gbogbo èèyàn, ẹ wá wò ó báyìí. Pọ́ńbà kan ní 40 dọ́là lòun máa gbà kóun tó wọlé yín, lẹ́yìn náà 25 dọ́là fún wákàtí kan. Ẹ ti mọ bẹ́ ẹ ṣe máa ṣe é lórí, àbí? Wákàtí méjì, 50, pẹ̀lú 40, 90 dọ́là. Wọ́n kàn fẹ́ kẹ́ ẹ kọ ọ́ báyìí ni: y = 25x + 40. y ni owó tẹ́ ẹ máa san, x ni wákàtí. Bí ó bá wá gba 165 dọ́là, wákàtí mélòó ló ṣe? Ẹ yọ 40 kúrò, ó ku 125, ẹ pín in sí 25, wákàtí márùn-ún. 25 yẹn ni wọ́n ń pè ní slope, 40 yẹn ni ibi tí ìlà ti bẹ̀rẹ̀ lórí gíráàfù. Ọjọ́ tí èyí yé mi, mo ṣe ogún irú ẹ̀ kí n tó sùn. Fídíò Khan Academy ọ̀fẹ́ ni, ẹ lè máa dá a dúró kẹ́ ẹ tún un wò ní ẹ̀ẹ̀mẹwàá, kò sẹ́ni tó máa kanra mọ́ yín.

Kẹ́ ẹ tó sanwó ìdánwò gangan, ẹ ṣe GED Ready. Òun ni ìdánwò àfidánrawò tó ti ọ̀dọ̀ àwọn fúnra wọn wá, ìdajì tòótọ́ ni gígùn ẹ̀, kì í tó dọ́là 10 fún apá kan, ó sì máa fi àwọ̀ sọ fún yín bóyá ẹ máa yege (àwọ̀ ewé nìyẹn), bóyá ó ku díẹ̀, tàbí kẹ́ ẹ lọ múra sí i. Bí àwọ̀ ewé bá yọ, ẹ lọ mú ọjọ́ kíákíá kí nǹkan tẹ́ ẹ mọ̀ tó tutù. Tó bá jẹ́ pé ilé lẹ fẹ́ ti ṣe ìdánwò, ọ̀ranyàn ni àwọ̀ ewé yẹn, tí kò tíì ju 60 ọjọ́ lọ.

Ilé àbí ibi ìdánwò? Èmi á ní kẹ́ ẹ lọ sí ibi ìdánwò, pàápàá ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ọmọ kékeré. Nílé, ẹ̀yin nìkan lẹ gbọ́dọ̀ wà nínú yàrá, tábìlì gbọ́dọ̀ mọ́ féfé, kò sí bébà, kò sí bírò, orí kọ̀ǹpútà lẹ ti máa ṣe iṣẹ́ ọwọ́, bí ọmọ bá sì ṣílẹ̀kùn wọlé wá ní "Mọ́mì, ebi ń pa mí", wọ́n lè fagi lé e. Ní ibi ìdánwò wọ́n á fún yín ní pátákó kékeré tí wọ́n ń nù, wọ́n á gba fóònù yín, ariwo ò sì ní sí. Ẹni tó bá ní àìlera, tí ojú ń dùn tàbí tí àìsàn kan ń mú kó pẹ́ kó tó kàwé, lè béèrè fún àsìkò púpọ̀ sí i, àmọ́ ìwé dókítà gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀, kẹ́ ẹ sì béèrè kẹ́ ẹ tó mú ọjọ́, torí ó máa ń pẹ́.

Èsì sábà máa ń jáde lọ́jọ́ náà tàbí ọjọ́ kejì. Nígbà tí mo ṣe ìṣirò lẹ́ẹ̀kan, 141 ni mo gbà. Máàkì mẹ́rin péré ló kù kí n yege! Mo jókòó sínú mọ́tò fún nǹkan bí ìdajì wákàtí kí n tó lè wa ọkọ̀ lọ sílé. Bí irú ẹ̀ bá ṣẹlẹ̀ sí yín, apá tẹ́ ẹ kùnà yẹn nìkan lẹ máa tún ṣe, èyí tẹ́ ẹ ti yege wà níbẹ̀. Ẹ lè tún un ṣe lẹ́ẹ̀mejì láìdúró, lẹ́yìn ẹ̀ẹ̀kẹta kẹ́ ẹ tó tún padà lọ ẹ gbọ́dọ̀ dúró 60 ọjọ́, ìpínlẹ̀ míì sì ní òfin tiẹ̀ lórí èyí. Ẹ má wulẹ̀ sáré padà lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e. Ẹ ṣí ìwé èsì yẹn, ó máa ń kọ àwọn ibi tó yẹ kẹ́ ẹ tún kà síbẹ̀, tèmi sọ pé gíráàfù àti ìdá ọgọ́rùn-ún, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni mo fi jókòó ti ìyẹn nìkan, mo sì gba 152.

Tẹ́ ẹ bá ti yege mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ìpínlẹ̀ á fún yín ní sátífíkéètì yín àti transcript, ìyẹn ìwé tí wọ́n kọ máàkì yín sí. Ẹni tó gba 165 sókè nínú apá kan, wọ́n kà á sí ẹni tó ti ṣe tán láti lọ sí college, iléèwé míì lè ní kó má wulẹ̀ ṣe kíláàsì ìbẹ̀rẹ̀ mọ́. 175 sókè, iléèwé míì tiẹ̀ lè fún un ní credit, bíi pé ó ti ṣe kọ́ọ̀sì kan ní college, torí náà ẹ bi wọ́n kẹ́ ẹ tó forúkọ sílẹ̀. Ẹ lè fi GED kún fọ́ọ̀mù FAFSA láti béèrè Pell Grant, owó ìrànwọ́ iléèwé tí ìjọba àpapọ̀ ń fúnni, bí ìwé ìgbélùú yín bá ti bá òfin ẹ̀ mu. Ẹ kọ email àti password tẹ́ ẹ fi ṣí àkáǹtì yín sínú ìwé kan tí kò ní sọ nù, kẹ́ ẹ tọ́jú ẹ̀ pẹ̀lú páásípọ́ọ̀tù. Inú àkáǹtì yẹn náà ni mo ti béèrè transcript mi lọ́dún mẹ́ta lẹ́yìn náà, nígbà tí iléèwé nọ́ọ̀sì ní káwọn rí i kó tó di ọjọ́ Jímọ̀.